Dẹmi-lúùnù mẹ́ta tí mo ti fi gé awọ, àti èyí tí mo kọ́kọ́ ń nawọ́ sí báyìí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin oníṣẹ́ awọ, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ràn ohun tó dáa. Ó ti tó oṣù méjì táwọn èèyàn ti ń bi mí pé ọ̀bẹ wo ni mo fi ń gé bẹ́líìtì tí etí ẹ̀ fi máa ń gún régé bẹ́ẹ̀, mo ní màá kọ ọ́, iṣẹ́ ò gbà mí láyè. Lónìí òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin), awọ tí mo kùn lánàá ò tíì gbẹ, kò sóníbàárà kankan, torí náà ẹ jẹ́ n jókòó kí n sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Sálúbàtà, bẹ́líìtì àti báàgì ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Wàndó, ọmọ Kétu sì ni mí. Ọ̀bẹ tí mò ń sọ yìí, àwa tá a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá tó gbọ́ Faransé, dẹmi-lúùnù la máa ń pè é, ìyẹn ìlàjì òṣùpá, àwọn ọmọ tó ń wo YouTube ń pè é ní round knife. Tẹ́ ò bá rí i rí, ẹ ronú igbá tí wọ́n là sí méjì, kẹ́ ẹ wá wò ó látẹ̀gbẹ́. Apá tó tẹ̀ yẹn ni ẹnu ọ̀bẹ, apá tó tẹ́jú ni ẹ̀yìn ẹ̀, àárín ẹ̀yìn yẹn gan-an ni èèkù ti jáde. Ó ní ìwo méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, bíi ti màlúù. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìwo yẹn, màá padà sórí ẹ̀.

Ẹ má rò pé òyìnbó àná ló gbé e dé o. Ní Íjíbítì, nínú ibojì Rekhmire tó jẹ́ igbá kejì Fáráò, nǹkan bí ọdún 1450 ṣáájú Krístì, wọ́n ya àwọn oníṣẹ́ awọ sára ògiri pẹ̀lú irú ọ̀bẹ yìí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí fọ́tò ògiri yẹn, mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Ọ̀bẹ tó ti ń gé awọ láti ìgbà yẹn tí kò sẹ́ni tó rí ohun tó máa fi rọ́pò ẹ̀ pátápátá, nǹkan wà ńbẹ̀.

Kí n tó ní i, kọ́tà ni mò ń lò, abẹ tí wọ́n ń tì jáde tí wọ́n sì ń kán lẹ́nu tó bá ti kú. Kọ́tà ò burú fún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo ṣì fi ń gé awọ ewúrẹ́ nígbà míì títí dòní. Ṣùgbọ́n awọ màlúù tó nípọn tó mílímítà 4 tàbí 5, èyí tí mo fi ń ṣe bẹ́líìtì àti ìtẹ̀lé sálúbàtà, kọ́tà máa ń tẹ̀ nínú ẹ̀, òkè á gún, ìsàlẹ̀ á yẹ̀, tẹ́ ẹ bá yí i wò ẹ máa rí i pé etí awọ ti dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ẹ tún máa gé e lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó já. Látàárọ̀ dalẹ́ ẹ̀ ń fa nǹkan wá sọ́dọ̀ ara yín, lálẹ́ èjìká ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Dẹmi-lúùnù ò rí bẹ́ẹ̀, títì là ń tì í síwájú, apá àti ìbàdí ló jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń já.

Tóò, ọ̀bẹ àkọ́kọ́. Kútọnu ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ẹnì kan tó pàtẹ irinṣẹ́, 3500 sẹ́fà. Kò sórúkọ ẹni tó ṣe é lára ẹ̀, inox nìkan ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn irin tí kì í dógùn-ún. Ó ń dán, èèkù ẹ̀ pupa, inú mi dùn délé. Mo fi ti awọ, ó wọlé díẹ̀, ó dúró. Mo tì í, kò lọ. Mo pọ́n ọn lórí òkúta fún bíi wákàtí kan, ó wá ń gé, mo gé bẹ́líìtì mẹ́ta, ó tún kú. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n pọ́n. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi bá ọ̀bẹ yẹn jà kó tó yé mi pé ohun méjì ló ń ṣe é: irin ẹ̀ rọ̀, ara ẹ̀ sì nípọn jù.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ síbí torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ owó nù. Ẹnu ọ̀bẹ lè mú bí abẹ, àmọ́ tó bá jẹ́ pé kété lẹ́yìn ẹnu yẹn ló ti wú, kò ní wọ awọ. Á ṣe bí àáké tó ń la igi, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa ti awọ sí dípò kó gé e. Bẹ́líìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, awọ tó nípọn ló máa tú àṣírí ẹ̀. Ọ̀bẹ tó dáa gbọ́dọ̀ máa fẹ́lẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn títí dé ẹnu, díẹ̀díẹ̀, láìsí ibi tó ti ṣe kókó. Báyìí tí mo bá fẹ́ ra ọ̀bẹ, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń mú un látẹ̀yìn, màá wá rọra fà wọ́n bọ̀ lọ́nà ẹnu láìjẹ́ kí wọ́n dé ẹnu, tọ́wọ́ mi bá kan òkè kankan lójú ọ̀nà, mo ti dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ti irin tó rọ̀ náà rọrùn láti mọ̀, ẹ mú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá lọ́wọ́ lọ, kẹ́ ẹ fà á díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀bẹ, nítòsí ìwo, níbi tí kò ti ní ba nǹkan jẹ́. Tí fáìlì bá jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́ bí ẹní ń fá ọṣẹ, irin yẹn ò le. Tí fáìlì bá ń yọ̀ lórí ẹ̀ tí kò rí i jẹ, wọ́n dáná sí i dáadáa nìyẹn. Ẹni tó ń tà á lè máa bínú, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ ṣàlàyé fún un, owó yín ni. Mi ò sọ pé gbogbo inox ni kò dáa o, èyí tó dáa wà, àmọ́ irin aládàá lásán, èyí tó ń dógùn-ún, ló yá láti pọ́n lọ́wọ́, òun sì ni mo fẹ́ràn jù.

Ọ̀bẹ kejì wá láti Paris. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé níbẹ̀ rí i lọ́jà àlòkù, ó yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ pé "Àbúrò, ṣé irú eléyìí lò ń sọ?" Mo rí Blanchard àti Paris tí wọ́n tẹ̀ sára irin yẹn, mo pè é lójú ẹsẹ̀, mo ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò níbẹ̀." Láti 1823 ni ilé iṣẹ́ Blanchard ti ń ṣe irinṣẹ́ oníṣẹ́ awọ ní Paris, wọ́n ṣì wà dòní, Vergez-Blanchard ni wọ́n ń jẹ́ báyìí. Ẹgbẹ́ wọn náà wà níbòmíì, C.S. Osborne ti Amẹ́ríkà ti wà láti 1826, George Barnsley ti Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1836. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí lára ọ̀bẹ àtijọ́ tó ti dógùn-ún lọ́jà àlòkù, ẹ má jẹ́ kí ìpẹtà lé yín sá. Ìpẹtà orí ara á lọ tẹ́ ẹ bá fi sáńpépà àti òróró fá a. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni bóyá ìpẹtà ti jẹ ihò wọ ẹnu ẹ̀, torí ibi tí ihò bá dé ẹnu, eyín ló máa dà, á máa ya awọ.

Euro 35 ni ẹ̀gbọ́n mi san, bíi 23000 sẹ́fà, owó yẹn dùn mí nígbà yẹn. Ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Ọjọ́ tó dé, mo fi èékánná lù ú, ó dún tiiin bí agogo kékeré. Ara ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé mo kọ́kọ́ bẹ̀rù pé á ṣẹ́. Láti ìwo dé ìwo, sẹ̀ǹtímítà 13. Mo fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta pọ́n ọn, nígbà tí mo wá gbé e lé awọ màlúù, mo kàn fi ara tì í díẹ̀, ó lọ, kò dún, kò sí pé mo ń gbìyànjú, awọ kàn ń ya sí méjì níwájú mi bí omi tí ọkọ̀ ń là kọjá lórí ọ̀sà. Mo jókòó. Mo ní ọdún mélòó ni mo ti fi ń jìyà yìí.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, torí ó ń dùn mí dòní. Mo rìnrìn àjò lọ sí Ṣábẹ́ fún òkú, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ọ̀bẹ yẹn kú díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fẹ́ ṣe dáadáa fún mi, ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ oníná pọ́n ọ̀bẹ àti sísọ́ọ̀sì lẹ́bàá títì. Ọkùnrin yẹn gbé e lé òkúta tó ń yí, iná ń fò ṣàṣà, kò fi kan omi rárá. Ìgbà tí mo dé, ọmọ náà gbé e fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní "Ọ̀gá, ẹ wò ó bó ṣe mú." Mo wò ó, ẹnu ẹ̀ láti àárín dé ìwo ọ̀tún ti dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró. Ọkàn mi já. Ẹni tó bá mọ irin mọ ohun tí aró yẹn ń sọ: irin ti gbóná kọjá ibi tí ẹni tó rọ ọ́ fi í sí, líle ẹ̀ ti bá iná lọ. Ó mú lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn, lọ́jọ́ kejì kò mú mọ́.

Mi ò na ọmọ náà, mi ò bú u, torí èmi ni mi ò sọ fún un. Òkúta àti omi ni mo fi fá ibi tó dúdú yẹn kúrò, lọ́wọ́, ìrọ̀lẹ́ mọ́kànlá, ó tó mílímítà 3 tó bọ́ lára ẹ̀ lọ́tùn-ún, mo sì ní láti fá tòsì náà kí ìwo méjèèjì lè dọ́gba. Ó ti padà sípò, ó sì ń gé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn: kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀rọ oníná, láéláé.

Ọ̀bẹ kẹta ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Kétu ni wọ́n ti rọ ọ́.

Bàbá alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ fún mi, mo ti mọ̀ wọ́n láti kékeré, àdá àti ọkọ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe fáwọn àgbẹ̀. Mo dé ibẹ̀ mo kí wọn, "Àrọyè o," wọ́n ní "Ògún á gbè ọ́, ọmọ mi, kí lo wá rà?" Mo ní mi ò wá ra nǹkan, mo wá bẹ̀ wọ́n ni. Mo gbé páálí tí mo gé sílẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 11 láti ìwo dé ìwo, mo tún gbé ọ̀bẹ Paris yẹn fún wọn kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fi àtàǹpàkò kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní "Ẹni tó ṣe eléyìí mọ iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì mọ́tò kọ́ la máa fi ṣe tìẹ, ó nípọn jù, màá rọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wá ayùn àwọn onípákó wá, èyí tó ti gbó." Mo wá a lọ sí Pọbẹ̀, mo rí àfọ́kù ayùn róbótó ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń la pákó, 1000 sẹ́fà.

Wọ́n gé e, wọ́n fá a fẹ́lẹ́, ó ku kí wọ́n dáná sí i. Wọ́n ní kí n dúró dìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀, torí ojú kì í rí àwọ̀ iná dáadáa lọ́sàn-án. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ki ọ̀bẹ bọ iná, ọmọ wọn ń fẹ́ ewìrì, irin pọ́n, ó pọ́n sí i, ó wá dà bí ojú oòrùn tó ń wọ̀ yẹn gan-an. Wọ́n fà á yọ, wọ́n rì í bọ omi. Mo gbọ́ "kẹ́!" Ó ti sán láti ẹnu dé ìdajì. Bàbá ò bínú, wọ́n ní irin yìí ò fẹ́ omi, òróró ló ń fẹ́. Wọ́n gé òmíràn lára ayùn yẹn, ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó padà wá, òróró ẹ̀pà tí wọ́n ti gbé kaná díẹ̀ ni wọ́n rì í bọ lọ́jọ́ yẹn, èéfín bo gbogbo wa, kò sì dún. Wọ́n fi fáìlì dán an wò, fáìlì ń yọ̀. Wọ́n nu ún, wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan títí ó fi ń dán, wọ́n wá gbé e lé orí irin gbígbóná, ẹ̀yìn ẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ní kí n máa wò ó. Àwọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún bọ̀ látẹ̀yìn, bíi koríko gbígbẹ, tó bá yá ó dà bí oyin. Bó ṣe kù díẹ̀ kí oyin yẹn dé ẹnu ni wọ́n ti gbé e kúrò. Wọ́n ní "Tá a bá jẹ́ kó kọjá ibẹ̀, á rọ̀. Tá ò bá sì gbé e síná yìí rárá, ọjọ́ tó bá já bọ́ nílẹ̀ ló máa fọ́ bí àwo." Mo rántí aró tó wà lẹ́nu ọ̀bẹ Paris mi, mo ní ó ti yé mi wàyí.

8000 sẹ́fà ni wọ́n gbà, mo fi 2000 lé e. Ó ti pé oṣù méje tí mo ti ń lò ó lójoojúmọ́.

Kí n sọ òótọ́ ohun tí mo rí. Ti Paris máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kú ju ti Kétu lọ. Ti Paris tún dọ́gba ju, ìwo ọ̀tún àti tòsì ẹ̀ jọra bí ìbejì, ti Kétu lọ́tùn-ún gùn ju òsì lọ ní bíi mílímítà kan, ìyẹn ò dí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Èèkù igi tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i ò tíì gbẹ tán, lẹ́yìn oṣù kan ó sún kì, ó ń mì lọ́wọ́, ọ̀bẹ tó ń mì lọ́wọ́ léwu gan-an, mo ní láti fi igi tó gbẹ ṣe òmíràn kí n sì fi ìṣó bàbà kàn án. Ìyẹn nìkan ni àléébù ẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 11 yẹn bá ọwọ́ mi mu, ó bá iṣẹ́ sálúbàtà mu, mo lè fi ìwo ẹ̀ yí etí àtẹ́lẹsẹ̀ ká láìgbé ọwọ́, ohun tí ti Paris ò lè ṣe torí ó fẹ̀. Nígbà tí awọ bá wà nílẹ̀ báyìí, ti Kétu lọwọ́ mi máa ń lọ bá. Ti Paris, mo fi pamọ́ fún báàgì àti bẹ́líìtì gígùn, níbi tí fífẹ̀ ẹ̀ ti ń jẹ́ kó rìn tààrà.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Wọ́n máa ń wà láti sẹ̀ǹtímítà 10 títí dé 15. Ẹni tó ń ṣe bàtà àti nǹkan kéékèèké, 10 tàbí 11 ti tó. Ẹni tó ń ṣe bẹ́líìtì, gàárì, báàgì ńlá, kó mú 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí pé èyí tó tóbi ló dáa jù.

Lílò ẹ̀ ńkọ́? Orí pákó ni kẹ́ ẹ ti máa gé, mi ò gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń gé awọ lórí irin tàbí sìmẹ́ńtì. Ẹ di èèkù mú bí ẹní di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú, kí ọ̀bẹ dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ tì í síwájú. Tí awọ bá nípọn, ẹ máa mì í síwájú sẹ́yìn bí ìyá tó ń mi ọmọ, ẹnu ẹ̀ tó tẹ̀ yẹn á máa yí wọnú awọ. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tó tẹ̀, ẹ gbé èèkù sókè kó jẹ́ ìwo nìkan ló kan awọ, bí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yí bá ṣe há tó ni kí ohun tó kan awọ kéré tó, ẹ sì lè máa fi ọwọ́ kejì yí awọ fúnra ẹ̀ dípò ọ̀bẹ.

Ọwọ́ kejì yẹn, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kó wà nígbà gbogbo. Ìwo tó wà níwájú, ojú yín ń rí i. Èyí tó wà lẹ́yìn lẹ máa ń gbàgbé, òun ló gé àtàǹpàkò ọmọ iṣẹ́ mi lọ́dún tó kọjá, wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà níbi mẹ́ta. Tí ọ̀bẹ bá já bọ́ látorí tábìlì, ẹ fò sẹ́yìn, ẹ má nawọ́ mú un.

Iṣẹ́ tó tún dáa fún jù ni fífá awọ, ìyẹn ká dín etí ẹ̀ kù kí ibi tá a fẹ́ ṣẹ́ po tàbí tá a fẹ́ lẹ̀ pọ̀ má bàa wú. Fún ìyẹn, ẹ kúrò lórí pákó, ẹ lọ sórí gíláàsì tó nípọn tàbí kàrò (táìlì) ilẹ̀ tó ń dán, èyí tí mò ń lò ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ládùúgbò mi. Ẹ dùbúlẹ̀ ọ̀bẹ sórí awọ, ẹ tì í, ẹ sì jẹ́ kó máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tì í. Ohun tó máa bọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, kó ká kò. Tó bá ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tàbí tí awọ ń sún kì níwájú ọ̀bẹ, ẹ má fipá mú un, ọ̀bẹ ló fẹ́ kú. Awọ ewúrẹ́ pupa tó ń wá láti Kánò, èyí tí wọ́n fi èso igi bàgàrúwà ṣe, dùn ún fá bí ẹní ń fá wàràkàṣì. Awọ rírọ̀ tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tó ń fà bíi rọ́bà, ìyẹn ló máa dán ọ̀bẹ yín wò.

Pípọ́n ẹ̀ ò nira, sùúrù ló ń fẹ́. Òkúta tó rí hanranhanran díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nọ́ńbà 400 tàbí 600 tó bá kú gan-an, lẹ́yìn náà 1000, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná jùyẹn lọ. Àwọn tí kò rí òkúta rà, sáńpépà olómi tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹ tẹ ọ̀bẹ sílẹ̀ gan-an, kó kù díẹ̀ kó dùbúlẹ̀, dígírì bíi 10 sí 13 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa yí i láti ìwo kan dé ìwo kejì. Àárín nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń pọ́n, tó bá pẹ́ àárín á jẹ wọlé, òṣùpá á di pẹrẹsẹ.

Tó bá ti mú, iṣẹ́ òkúta ti parí, ó lè tó oṣù kan kẹ́ ẹ tó padà sí i. Bẹ́líìtì awọ tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ pákó ló máa ń mú un dúró, ẹ fi ìpara aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń dán irin kùn ún, kẹ́ ẹ máa fa ọ̀bẹ lórí ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa ṣáájú, ẹnu ẹ̀ á tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ẹnu ṣáájú, ẹ máa gé bẹ́líìtì yẹn ni. Mo máa ń ṣe é ní bíi ìgbà mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, mo tún ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tí mo bá dìde mumi. Ẹ dán gbogbo ara ẹ̀ náà, kì í ṣe ẹnu nìkan, títí ẹ ó fi rí ojú yín nínú ẹ̀, torí irin tó ń dán máa ń yọ̀ nínú awọ, irin hanranhanran ni awọ máa ń dì mú.

Ibi tẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sí tún ṣe pàtàkì fún wa ní Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀sà ò jìnnà, omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, irin ń dógùn-ún mọ́jú. Ó wuni láti rán àkọ̀ awọ tó rẹwà fún un, èmi náà rán an, mo fi ọ̀bẹ sínú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ṣíṣẹ́, mo fà á yọ, ìpẹtà ti tò sára ẹ̀. Omi inú afẹ́fẹ́ ni awọ yẹn ń mu, ohun tí wọ́n fi ṣe awọ náà sì máa ń jẹ irin. Àkọ̀ dáa fún ìrìn àjò nìkan. Nílé, ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ nù ún tàbí ìda oyin, kẹ́ ẹ la igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín kẹ́ ẹ fi bo ẹnu ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mo ń padà lọ sí Kétu. Ayùn yẹn ṣì kù, Bàbá ní á tó ọ̀bẹ méjì sí i, mo ti gé páálí sẹ̀ǹtímítà 9 fún okùn sálúbàtà ọmọdé. Ọ̀kan ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó gé páálí tiẹ̀ sí ìwọ̀n gan-an, kó kọ bí awọ tó ń gé ṣe nípọn tó sí i lára, kó gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, kó sì wá igi gbígbẹ fún èèkù ẹ̀ lọ́wọ́ ara ẹ̀.